Ọ̀gá mi nìkan ni mo fẹ́ dá lóhùn, gbogbo ọ́fíìsì ló ka ímeèlì mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ojú ń tì mí. Lánàá, ọ̀gá wa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wa nípa ìpàdé ọjọ́ Ajé. Mo ní kí n dá òun nìkan lóhùn pé ẹnì kan nínú wa kì í parí iṣẹ́ lásìkò, ó sì ń fà wá sẹ́yìn. Mo tiẹ̀ dárúkọ. Àfi bí ọwọ́ mi ṣe tẹ "Reply All". Èèyàn 40 ló rí i, ẹni tí mo ń sọ náà wà níbẹ̀.

Mo sáré wá bí mo ṣe lè fà á padà. Gmail máa ń jẹ́ kéèyàn fagi lé e lóòótọ́, àmọ́ kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Tèmi ti bọ́, kò ṣe é kó mọ́.

Ẹni náà ò bá mi jà. "Ẹ kú iṣẹ́" ló kọ sí mi láàárọ̀ yìí, èmi tó jẹ́ pé orúkọ mi ló máa ń pè tẹ́lẹ̀. "Ẹ" yẹn ló ń dùn mí jù.

Ṣé kí n bẹ gbogbo wọn lórí ímeèlì ni, àbí kí n lọ bá a lójúkojú, kí n fi àwọn yòókù sílẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dákẹ́, pé wọ́n á gbàgbé. Kò dá mi lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó fi àdírẹ́sì sí i? Mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.