Ẹ fi "fà" sílẹ̀ fún eégbọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀gá wa tó kọ̀wé láti Ilé-Ifẹ̀ lánàá ní ẹrù ti pọ̀ jù lórí "ọkàn": èrò, ìfẹ́, ìgboyà, ẹ̀mí, gbogbo rẹ̀ la dì lé e. Ó ní kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì máa pe ẹran tó ń lù kìkì láyà wa ní "afàjẹ̀". Ó tún fi kún un pé Ifẹ̀ lorísun, pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń ṣàn wá. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò bá a fa ìyẹn lónìí. "Fà" inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bá wá.

Ta ni afàjẹ̀ nílẹ̀ yìí? Eégbọn ni. Eṣúṣú inú odò ni. Nọ́ọ̀sì tó kó abẹ́rẹ́ wá láti fa ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò, afàjẹ̀ lòun náà. Ohun téèyàn bá fà, ọ̀dọ̀ ẹni tó fà á ló ń bọ̀: okùn, igi, omi kànga. Ti ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ra ọkàn màlúù kan lódindi lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, n'Íléṣà níbí. Mo rọ omi sí ẹnu iṣan ńlá tó jáde lórí rẹ̀. Omi dúró. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti padé nísàlẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kò jẹ́ kó padà wọlé. Ìgbà náà ni mo ní kí alápatà là á. Yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ki ju ti ọ̀tún lọ púpọ̀, torí ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí ni ọ̀tún ń rán ẹ̀jẹ̀ sí, gbogbo ara ló wà lọ́rùn òsì. Mo bi alápatà pé kí ló rò pé ẹran yìí ń ṣe. Ó di ìkúùkù tòun tẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó tú u, ó tún dì í. "Ó ń fún un ni."

Ẹ gbọ́ bí? Fún. Bí a ṣe ń fún ọsàn, bí a ṣe ń fún aṣọ tí a fọ̀. Kí William Harvey, dókítà ará Ìlú Ọba, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1628, ohun tí àwọn ọmọlẹ́yìn Galen, dókítà Gíríìkì ayé àtijọ́, gbà ni pé ìgbà tí ọkàn bá là tó ń fà ló ń ṣiṣẹ́. Harvey ló fi hàn wọ́n pé ìgbà tó bá sún kì ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa fẹ́ dá wa padà sẹ́yìn 1628.

Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa ní tí ọkàn bá tú, ó máa ń fà díẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" lòun fúnra rẹ̀ kọ, ta ló ń torí díẹ̀ sọmọ lórúkọ?

Ẹ tún wo adùn rẹ̀: ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀, ọkàn ń fún ara lẹ́jẹ̀. Ohùn kan náà! Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń fún nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọkàn máa jẹ́ ọkàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe la nílò, ó sì ti wà lẹ́nu alápatà.

Ẹni tó kọ àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ní "ẹ̀jẹ̀ rírú" láàárín wa ńkọ́? Ẹbọ là ń rú, bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ń ru ni, bí òkun. Kódà "ríru" pàápàá ti kó bá mi nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pa oògùn tì, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ò ru mọ́, ara òun tutù. Bẹ́ẹ̀ àìsàn náà kì í pariwo. Nígbà tí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ajé, 168 lórí 100, tó sì jẹ́ pé tó bá ti ń dé 140 lórí 90 léraléra ni wọ́n ti ń pè é lẹ́jẹ̀ ríru. Iyọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ò tó ṣíbí tíì kan, ẹ̀gbọ́n mi á ti bù ú sọ́bẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò, á tún ju mágí méjì lé e.

"Ìfúnpá" tí àwọn kan ń lò fún agbára ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n yẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí "fún" wà níbẹ̀. Àwọn kan ní oògùn tí àwọn bàbá wa ń so mọ́ apá ni ìfúnpá, a kò gbọdọ̀ yà á lò. Kí wọ́n wá bi ẹ̀gbọ́n mi. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń di aṣọ ẹ̀rọ yẹn mọ́ ọn lápá, tó ń fún un gírígírí, ó wojú mi: "Àbúrò, ìfúnpá ta ni wọ́n ń dè mọ́ mi yìí?"