Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dẹ́ẹ̀kì àti hot tub yẹn rèé o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá dẹ́ẹ̀kì onípákó mi tó ga nílẹ̀, ìyẹn pèpéle tí wọ́n kàn mọ́ ara ilé, lè gbé hot tub, ìyẹn ọpọ́n omi gbígbóná ńlá téèyàn máa ń jókòó sínú ẹ̀. Ẹnjiníà ti wá wò ó, rárá ló sọ, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣirò ẹ̀ ni pé lítà omi kan, kílò kan. Tub yẹn ń gba lítà 1,500, ìyẹn kílò 1,500 ká tó ka ike ẹ̀ àtàwa tá a máa jókòó sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá pín gbogbo ẹ̀ sórí ibi tó máa gbà, ó lé ní kílò 500 lórí mítà kan níbùú lóròó, bẹ́ẹ̀ bíi kílò 200 ni wọ́n sábà máa ń kan dẹ́ẹ̀kì ilé fún.

Ó tún wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹnu irin gún pákó tó so dẹ́ẹ̀kì mọ́ ara ilé, irin wọlé wẹ́rẹ́! Ó ti jẹrà, ìṣó lásán ni wọ́n sì fi kàn án, kò sí bóòtù kankan. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Ẹni tó ní ká fi òpó kún un, ó ṣeé ṣe o, àmọ́ òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fáńdéṣọ̀n tiẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ló máa rì. Mo gbọ́ owó ẹ̀, mo ní ó tó jàre. Kankéré la dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́ẹ̀kì yẹn, orí ẹ̀ ni tub wà báyìí, wọ́n sì ti pààrọ̀ pákó jíjẹrà yẹn, bóòtù ni wọ́n fi dè é. Ẹ ṣé gan-an, mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.