Èsì lórí “owó ìbádọ́gba”: ta ló kọ́kọ́ yọwó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ èdè. Alàgbà tó dá “owó ìbádọ́gba” sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún “counterpart fund”, ìyẹn owó tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ kó tó rí ti UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, gbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún pè, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́.

Bí nǹkan méjì ṣe rí nígbà tí wọ́n ti pé sílẹ̀ ni “dọ́gba” ń sọ. Kò sọ ẹni tó kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìjà àwọn olóṣèlú wà. Òfin UBE (ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀: ọdún 6 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 girama kékeré. Ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ kó tirẹ̀ sínú àkáǹtì tí wọ́n yà sọ́tọ̀. SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, á kọ ètò iṣẹ́ ránṣẹ́: kíláàsì mélòó, àga mélòó, kànga níbo. UBEC á yẹ̀ ẹ́ wò kí owó Abújà tó jáde. Tí wọn ò bá ṣe ìṣirò ti tẹ́lẹ̀, ti tuntun ò ní kúrò níbi tó wà. Òfin yẹn kan náà ní ohun tí ìpínlẹ̀ máa mú wá kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì iye tí iṣẹ́ náà máa ná wọn. “Kò gbọ́dọ̀ dín” ni wọ́n kọ, wọn ò kọ “kó dọ́gba”. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ìpolongo ìbò bá dé, ẹgbẹ́ alátakò á ní gómìnà fi bílíọ̀nù sílẹ̀ l'Abújà, àwọn ti gómìnà á ní Abújà ni kò fún àwọn. Ẹni tó gbọ́ “ìbádọ́gba” kò lè mọ èwo ló ń purọ́ nínú wọn. Èyí tó burú jù ni kí ìpínlẹ̀ yáwó ní báǹkì, kó gbé e sí àkáǹtì kí wọ́n lè rí i, kí owó Abújà wọlé, kó sì yọ ti báǹkì padà tòun tèlé. Lórí ìwé, ó dọ́gba. Nílé ẹ̀kọ́, ògiri ò kọjá ojú fèrèsé.

“Dá” ni ká dì mú. A máa ń dáwó, a máa ń dáwó jọ, nítorí náà “owó ìdásí” ni mo fara mọ́. Ẹnì kan níbí ní kó jẹ́ “àdásí”, ó ní ṣebí à ń pe àsansílẹ̀, à ń pe àjẹmọ́nú. Ẹ wo “à-” yẹn dáadáa: owó tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni ni àsansílẹ̀. Owó ìtanràn àti owó ìforúkọsílẹ̀, tó jẹ́ “ì-” ló bẹ̀rẹ̀ wọn, ńkọ́? Wọ́n lè bù ú fún ọ kó o má tíì san kọ́bọ̀. Owó ìdásí lè wà lẹ́nu gómìnà fọ́dún mẹ́rin. Owó àdásí ti wà nínú àkáǹtì. Àwọn oníròyìn ì bá máa bi àwọn olùdíje pé ìgbà wo ni ìdásí yín di àdásí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé “dá sí” tún jẹ́ ti ẹni tó ń ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, mo ti gbọ́. Ó ṣe é fi ṣàwàdà, kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

“Owó ìrànwọ́” tí wọ́n ń pe ti Abújà náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òfin ló ní kí wọ́n san án, àánú kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lára ìpín ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn.

Ẹni tó ní “ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́” kì í ṣe ọ̀fẹ́ rí kò jẹ̀bi tán. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní January 1955, owó orí tí wọ́n bù nítorí rẹ̀ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC fi bá AG, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tó ń ṣèjọba níbẹ̀, jà ní 1954, AG sì fìdí rẹmi níbi ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbègbè tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni “ọ̀fẹ́” mọ, kò dé ọ̀dọ̀ agbowó orí. Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN ní ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, ẹgbẹ́ NPN ní ẹ̀kọ́ tó yanrantí ló kù. Àwọn tó ń tẹ pátákó ìpolongo láìfi àmì ohùn sí i ńkọ́? “Eko ofe” tí wọ́n ń kọ yẹn, ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín ni ebi máa jẹ́ kí ẹlòmíì kà.

Ní ti ẹni tó ní kí n lọ bi àwọn àgbà Ọ̀yọ́ léèrè kí n tó sọ̀rọ̀: èwo nínú wọn ló bá wọn kọ òfin 2004?