Kí ló ń di funfun sí ìdí kẹ́tùlù mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá mọ kẹ́mísírì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

A kó wá sí agbègbè Ẹwẹ́kórò lọ́dún tó kọjá. Omi kànga wa mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ńṣe ló ń di ìdọ̀tí sójú omi. Omi òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo da álọ́ọ̀mù sí i, kò yí nǹkan kan padà (owó mi gbé!). Tí mo bá sì sè é, nǹkan funfun bí ẹfun á lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó hó yàà, ó sì ń ṣí kúrò.

Ohun tó rú mi lójú gan-an nìyí: tí mo bá bu iyọ̀ sómi tí mo sè é, iyọ̀ náà kò ní jáde àfi tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Kí ló dé tí èyí fi ń jáde nígbà tí omi ṣì kún inú kẹ́tùlù? Ọmọ mi tó wà ní SS2 ní kálísíọ̀mù baikábónéètì, ohun kan tó ti yọ́ sínú omi kànga náà, ni, pé iná ló ń sọ ọ́ di kábónéètì tí omi kò lè yọ́. Ṣé òótọ́ ni? Tí mo bá wá se omi náà, tí mo jẹ́ kó tòrò, tí mo sẹ́ ẹ, ṣé ọṣẹ á hó nínú rẹ̀, àbí nǹkan mìíràn ṣì wà níbẹ̀ tí iná kò lè lé jáde?