Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ₦180,000, ẹnu mẹ́fà láti bọ́

Ìyá Tiwa, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi, kí ẹ sì dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹnu mẹ́fà là ń bọ́ nílé wa: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ọkọ mi. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Ìlọrin, èmi ń ránṣọ. Láti bí ọdún méjì, owó ọbẹ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé gbogbo ohun tí à ń rí lọ. Ẹyin tí àwọn ọmọ ń jẹ láràárọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ti Sọ́ńdè. Ìyá ọkọ mi kì í ráhùn, ṣùgbọ́n mo ń rí i bí wọ́n ṣe máa ń bu ẹran inú àwo wọn fún àwọn ọmọ. Ó ń dùn mí gan-an.

Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, ó tó ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì. Kàǹga wà níbẹ̀, igi ìyeyè kan wà ní igun ògiri, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi mẹ́ta náà wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, ₦180,000. Èrò mi ni kí n fi kó àádọ́ta ọmọ adìẹ àgíríìkì, ewúrẹ́ mẹ́rin, kí n gbẹ́ kòtò ẹja kékeré, kí n wá gbin ẹ̀fọ́ sí ilẹ̀ tó bá kù. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé iyọ̀ àti epo nìkan ni yóò máa gbé wa lọ sọ́jà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, mo ra ogún ọmọ adìẹ ìbílẹ̀ lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn, ìgbẹ́ wọn sì ń rí bí omi ewé. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, mẹ́tàdínlógún ti kú. Àbíkẹ́yìn mi ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Láti ọjọ́ yẹn kò lọ sí ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé owó yìí tó?

Bàbá Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, o kú àníyàn ilé. Ọlọ́run yóò ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló máa ń bá délé. Má fi owó àjọ kan dá nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ lóòjọ́. Ohun tí màá kọ́kọ́ ní kó o ṣe kò ná ọ ní kọ́bọ̀: mú ìwé kan, kó o kọ gbogbo ohun jíjẹ tó o bá rà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ìyàwó mi ti gbà pé ẹran ló ń kó wa lówó. Ìgbà tí a kọ ọ́ sílẹ̀, ata ni.

Gàrí, ìrẹsì àti èlùbọ́, máa rà wọ́n. Ẹ̀gẹ́ á wà nínú ilẹ̀ fún bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan kó tó ṣeé wú, ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kò sì lè bọ́ ẹnu mẹ́fà ní gàrí. Lórí ilẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ á ti jáde bí ìgbà mẹ́jọ.

Ní ti ewúrẹ́, abo méjì tó. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ni kó o rà, má wo èyí gàgàrà tó ń ti òkè ọya wá. Ara rẹ̀ kì í gba ọ̀rinrin ọ̀dọ̀ wa. Oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Má ra òbúkọ. Òórùn rẹ̀ á da ìwọ àti aládùúgbò rú, bẹ́ẹ̀ òbúkọ ẹni tó sún mọ́ ọ lè gùn wọ́n fún ọ. Akọ tí wọ́n bá bí, tètè pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, á sanra, o ó sì rí i tà lọ́dún.

Ọgbà ni kó o kọ́kọ́ ṣe kí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó wọ ilé. Ewúrẹ́ tí kò bá lọ́gbà, ẹ̀fọ́ rẹ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, yóò sì kọjá sí ti aládùúgbò. Igi ìyeyè tó o dárúkọ yẹn, ọrọ̀ ni, wọ́n fẹ́ràn ewé rẹ̀. Gbin àgúnmánìyè yí ọgbà ká nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ka rẹ̀ ni wàá gé tì bọ ilẹ̀, á hù. Bó o bá já ewé rẹ̀, jẹ́ kó rọ kó o tó kó o síwájú wọn, nítorí tútù rẹ̀ kì í wù wọ́n bí wọn kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, má fún wọn rárá, oró wà nínú rẹ̀. Sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa.

Bí owó ewúrẹ́ bá sì ga jù fún ọ, ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe ṣì wà. Gba abo kan sìn lọ́wọ́ ẹni tó ní in, kí ẹ máa pín ọmọ tó bá bí. Bí èmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní 1987, mi ò ní ju bàtà ẹsẹ̀ mi lọ.

Délé Olùtọ́jú Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ náà pẹ̀lẹ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá. Ọrùn yíyí, ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ikú lójijì nígbà ọyẹ́: gbogbo àmì tí ẹ kà sílẹ̀ yìí jọ ti lùkúlùkú. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Bó bá ti wọ agbo tí kò gba àjẹsára, ó lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kò ní ìwòsàn. Kápúsù pupa àti yẹ́lò tí àwọn èèyàn ń tú sómi adìẹ, owó ló ń jẹ, kò lè pa kòkòrò tó ń fa lùkúlùkú.

Àjẹsára nìkan ló ń dáàbò bò wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe é wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, NVRI lorúkọ rẹ̀. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní I-2, adìẹ ìbílẹ̀ gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ó lè fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀kán kan péré nínú ojú kan ni, ẹ ó sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ rí i dájú pé ẹ ṣe ọ̀kan ní oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó mú. Bó bá jẹ́ èyí tí à ń pò mọ́ omi mímu lẹ rí, omi kàǹga yín dára fún un. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n da oògùn sí máa ń pa àjẹsára náà. Ìgò kan sábà máa ń tó adìẹ tó pọ̀ ju ti ilé kan lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ lò ó tán lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, nítorí náà ẹ pe àwọn ará àdúgbò kí ẹ dá owó rẹ̀.

Adìẹ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó bá àwọn ti ilé jẹun. Ẹ má ra adìẹ ọ̀sìn lọ́jà ní oṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ń sáré ta èyí tó ń ṣàìsàn. Èyí tó bá kú, ẹ sin ín jinlẹ̀, ẹ má jù ú sí ààtàn.

Ewúrẹ́ náà ní tiwọn, a ń pè é ní PPR. Ikun á máa jáde nímú, egbò á bo ẹnu, wọ́n á máa yàgbẹ́ gbuuru. Àjẹsára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń dáàbò bò wọ́n tó ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ ṣe é.

Àádọ́ta adìẹ àgíríìkì, mi ò ní gbà yín níyànjú. Fíìdì ni wọ́n ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, owó yín lè tán kí wọ́n tó dàgbà. Ẹ mú àgbébọ̀ mẹ́fà àti àkùkọ kan. Bó bá jẹ́ ẹyin lẹ fẹ́ jù, ẹ wádìí irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní Noiler, tàbí FUNAAB Alpha tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa níbí ṣe. Wọ́n ń yé ju ti ìbílẹ̀ lọ, wọ́n sì lè jẹ̀ fúnra wọn. Ẹ fi abo ìbílẹ̀ kan tàbí méjì sáàárín wọn, torí wọ́n mọ̀ ọ́n sàba ju àwọn wọ̀nyí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló máa fi pa ẹyin, ẹyin adìẹ mìíràn náà á sì pa lábẹ́ rẹ̀.

Màmá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Apẹ̀tẹ̀

Ìyá Tiwa, Olúwa á dá ọ lóhùn. Àwọn ọkùnrin ti sọ ti ẹran, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkòkò ọbẹ̀.

Ewúro ni kó o kọ́kọ́ gbìn, lọ́la pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Gé igi rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní, tì í bọ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wàá máa já a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbúre, gbìn ín síbi tí omi kàǹga ń dà sí. Méjì yìí kì í bínú sí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, má fọ́n gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: gbogbo ilẹ̀ á tó já pọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ sú, wọ́n á pín in kiri, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n á padà sọ́jà. Ṣe ebè gbọọrọ mẹ́rin, fọ́n ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó o bá fi parí ìkẹrin, àkọ́kọ́ ti ń tó já. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa ṣù jọ lójú kan. Ewédú ní tirẹ̀, èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Di í sínú aṣọ, rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ka oókan dé ẹẹ́wàá, yọ ọ́ sínú omi tútù. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù.

Ata rodo: fọ́n irúgbìn sínú abọ́ tó ti jò, lábẹ́ ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ. Bó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣí i lọ gbìn ní ìrọ̀lẹ́, má ṣe é lọ́sàn-án. Igi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á mú ìyàtọ̀ wá sí ìnáwó yín, bó o bá sì ń bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, kò ní kú bọ̀rọ̀. Tòmátò má bá òjò jà. Àrùn ewé ló máa ń pa á nígbà òjò ńlá. Oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án ni èmi ń gbìn ín, mo sì máa ń ti igi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn níbí, ní NIHORT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí ewébẹ̀ àti èso, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ni mo ti ń ra irúgbìn mi.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó ewébẹ̀, jọ̀ọ́. Kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ, fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, máa yí i padà, jẹ́ kó tó oṣù méjì. Ìgbà tí kò bá gbóná, tí kò sì rùn mọ́, ó ti di ajílẹ̀ nìyẹn. Bí kòkòrò bá dé, gún ewé dóńgóyárò, rẹ ẹ́ mọ́jú, sẹ́ ẹ, fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, wọ́n ọn sí wọn lára ní ìrọ̀lẹ́.

Kúnlé, Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n mi, ti ẹja yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún yìí. Mo sin ẹja àrọ̀ ọ̀ọ́dúnrún. Oúnjẹ wọn ló jẹ gbogbo èrè. Oṣù karùn-ún, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tó tà, owó fíìdì tán lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Mo sunkún.

Ìyá Àfúsá, Àjàṣẹ́

Kúnlé, pẹ̀lẹ́. Ẹja kò burú, fíìdì rírà ló ń pani. Níbí, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, oko ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Songhai wà láti 1985, àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan tó ń jẹ́ Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀. Mo lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ìdọ̀tí ọ̀kan ni oúnjẹ èkejì. Ìdin tó bá yọ lára ìgbẹ́ àti ìfun ẹran, ẹja àti adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Omi ẹja tó ti dọ̀tí, ẹ̀fọ́ là ń dà á sí. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ àwọn tó kù: adìẹ àti ẹ̀fọ́ ni kí ìyá fi bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìyá Tiwa, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, àbúrò mi Kúnlé, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo dúró kí ọ̀sẹ̀ méjì tí Bàbá Ìṣẹ́yìn sọ pé kí n tó padà wá.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ata, tòmátò àti ẹ̀fọ́ ló gba owó jù. Ẹyin ló tẹ̀ lé e. Ẹran tí mo ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ ra ewúrẹ́ mẹ́rin, ipò kẹrin ló wà.

Mo ka ìwé yín sókè fún ìyá ọkọ mi. Ìgbà tí mo dé ibi ìdin, wọ́n ní ikán ni ìyá tiwọn fi ń bọ́ òròmọdìẹ ní Orílé-Ìgbọ́n. Wọ́n dìde, wọ́n wá ìkòkò tó ti là, wọ́n kó pòròpórò àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n bu omi wọ́n ọn, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ níbi tí ikán ti ń ṣe iyẹ̀pẹ̀ kiri. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí i, ikán kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Adìẹ mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ wa jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Àbíkẹ́yìn mi ló gbé ìkòkò náà padà sáyè rẹ̀, fúnra rẹ̀.

Ewúro ti wà nílẹ̀, ogún igi. Ebè àkọ́kọ́ ti hù. Ewúrẹ́ di ìgbà tí àgúnmánìyè bá ga.

Bọ̀dá Délé, ìbéèrè kan ló kù. Ilé mẹ́rin ti gbà láti dá owó àjẹsára, gbogbo adìẹ wa jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣé a lè ṣe é fún àgbébọ̀ tó ń sàba lọ́wọ́, àbí kí a dúró kó pa ọmọ rẹ̀ tán?

Délé Olùtọ́jú Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣe é fún un, mà. Lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ rọra gbé e, ẹ kán an sójú rẹ̀, ẹ dì í mú títí yóò fi ṣẹ́jú, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹyin rẹ̀. Kò ní kọ̀ wọ́n. Èyí tó bá ń ṣàìsàn nìkan ni kí ẹ fò.