Pressure epo àti ti manifold: mélòó ni injector ń tú gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, injector (ẹ̀rọ tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì) 300 cc/min rèé, pressure 3 bar ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí mo bá gbé pressure epo dé 4 bar, ṣé 400 ni yóò máa tú?

Èsì: Rárá o. Square root ni ẹ ó lò: 4 ÷ 3 jẹ́ 1.33, square root rẹ̀ jẹ́ 1.155. Bíi 346 lẹ máa rí.

Èsì: Ẹ má gbàgbé manifold, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì! Ìyàtọ̀ pressure méjèèjì ló ń ti epo jáde. Tí tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) bá fẹ́ 1 bar, tí regulator (ohun tó ń ṣàkóso pressure epo) kò sì ní rọ́bà tó so mọ́ manifold, 3 á ku 2. Epo á dín ní bíi 18%, písítìnì sì lè jóná.

Èsì: Láti dán regulator wò, ẹ yọ rọ́bà yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹná: géèjì pressure epo yẹ kó gòkè, bíi láti 2.5 sí 3. Tí epo bá ń kán nínú rọ́bà, awọ inú regulator ló ti ya. Òun ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, injector kò ṣẹ̀.