Ìpín keje yẹn: níbo lẹ wà nígbà tí ohùn yẹn dáhùn?

ÀìsùnLóru:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìpín keje eré àfetígbọ́ wa yẹn tán ni, ti ìyá tó dá wà nínú ọkọ̀ lójú òfuurufú, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ nílé, gbogbo iná ilé mi ló wà ní títàn báyìí, títí kan ti balùwẹ̀. Mi ò bi yín bóyá ó dùn o. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni ibi tẹ́ ẹ wà, nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, àti ohun tó ṣe yín nígbà tí ìyá inú ọkọ̀ yẹn ní kí ọmọ òun sọ ìnagijẹ tí òun máa ń fi ṣìkẹ́ ẹ nígbà tó wà ní kékeré, tí ohùn yẹn dákẹ́, tó dákẹ́ tó dákẹ́, tó wá sọ pé “Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ rán mi létí ná.” Orí bẹ́ẹ̀dì lèmi wà, mo ti paná, íàpíìsì wà létí mi méjèèjì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn débi pé mo rò pé fóònù mi ti kú. Mo lajú wò ó. Kò kú. Aago ojú ẹ̀ ṣì ń kà lọ. Ibẹ̀ lorí mi ti wú.

OníSítíárì:
Mo ń wakọ̀ lọ́wọ́ ni tèmi. Ẹ má ṣe é o, mo bẹ̀ yín. Ojú ọ̀nà dá, ilẹ̀ ti ṣú, èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò, mo so fóònù mọ́ rédíò mọ́tò, mo rò pé eré lásán ni torí mo ti gbọ́ mẹ́fà ṣáájú láìsí wàhálà. Ìgbà tí mímí yẹn wá bẹ̀rẹ̀, ẹ rántí, èyí tó tẹ̀lé ìdáhùn yẹn, ẹ̀yìn mi lápá òsì ló ti wá. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo bojú wẹ̀yìn wo àga pé ta ló jókòó síbẹ̀, nígbà tí mo fi máa yíjú padà taya ti gun etí títì. Mo páàkì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn wò, mo ṣí búùtù wò. Ó tó ìṣẹ́jú 20 kí n tó tún lè ṣáná sí mọ́tò.

ÌyáÌbejì:
Abọ́ lèmi ń fọ̀. Íàpíìsì kan wà létí mi, mo fi etí kejì sílẹ̀ torí àwọn ọmọ. Ohùn yẹn ní “Mọ́mì” létí ọ̀tún, ọmọ mi tó jí wá mu omi náà ní “Mọ́mì” lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kan náà. Abọ́ yẹn ò sí mọ́. Ọmọ ń sunkún, èmi ń sunkún, èkejì jí torí ariwo, òun náà bá wa sunkún láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni gbogbo wa sùn mọ́jú.

AgbohùnSílẹ̀:
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀. Irú ìró bẹ́ẹ̀, gbohùngbohùn méjì ni wọ́n fi ń gbà á, wọ́n lè kì wọ́n bọ etí orí àtọwọ́dá kan tó dà bí orí èèyàn, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Tí nǹkan bá dún lápá òsì, etí òsì ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ohun tó fi ń ṣáájú ọ̀tún ò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ọpọlọ á sì ti fi ìyàtọ̀ kékeré yẹn mọ ibi tí ìró ti wá. Ẹ ò ní ráyè rò ó. Ọrùn á ti yí kẹ́ ẹ tó rántí pé eré ni. Ti ẹni tó lo íàpíìsì tún wá burú jù, torí ẹ̀gbẹ́ etí gan-an ni mímí yẹn wà.

MiÒGbà:
Kò bà mí lẹ́rù. Spíkà ni mo fi gbọ́ ọ lọ́sàn-án.

OníSítíárì:
@MiÒGbà o ò tíì gbọ́ ọ nìyẹn.

Ìpín4NiMoWà:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ òpin ẹ̀ o, ìpín kẹrin ni mo wà

ÀìsùnLóru:
Kí lo wá ń ṣe níbí? Sá jáde kíá!

ỌmọÌyáẸ̀:
Ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí, ìlara ni. Màmá mi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo ní fọ́ìsì nóòtì wọn 61 lórí fóònù yìí, ojú fóònù ti là, bátìrì ò dúró mọ́, mi ò lè pààrọ̀ ẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á sọnù níbi tí mo bá ti ń kó wọn lọ. Òmíì gùn, wọ́n á máa ròyìn ẹni tó ṣe báyìí àtẹni tó ṣe bọ́hùn-ún. Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ò ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ: “Ṣó o ti jẹun? Pè mí.” Ó tán. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ọmọ yẹn ti kú, pé gbogbo iṣẹ́ tó ti ń fi ránṣẹ́ bọ̀ látọdún yìí ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn kó jọ tó fi ń dá ìyá ẹ̀ lóhùn, gbogbo èèyàn ń pariwo ha, ìkà, èmi wà níbẹ̀ tí mò ń sunkún pé obìnrin yìí ríre. Ó kéré tán, nǹkan kan dá a lóhùn. Èmi máa ń dáhùn fọ́ìsì nóòtì yẹn o. “Mo ti jẹun, mà.” Ibẹ̀ náà ló máa ń parí sí.

ÌyáÌbejì:
Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Mo ka èyí, mo ní láti jókòó.

OníSítíárì:
Mo ti ka tìrẹ, mi ò sọ ti mọ́tò mọ́.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
@ỌmọÌyáẸ̀ ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹnu iṣẹ́ lèmi ti gbọ́ ọ lákòókò ìsinmi, ìró pìì, pìì tó ń dún nínú ọkọ̀ yẹn jọ ti ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde lọ wo aláìsàn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tẹ́nì kankan ò tíì sọ. Èmi ò gbà pé kọ̀ǹpútà dáhùn rárá. Ẹ padà lọ gbọ́ ọ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Orí ń fọ́ obìnrin yẹn, oorun ń kùn ún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ka nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìmọ̀. Ẹni tí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tó ń mí nìyẹn. Èémí ara ẹ̀ ló ń pa á lọ. Ohun tó fẹ́ ṣe àwọn ará Apollo 13, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń lọ sí òṣùpá, lọ́dún 1970 nìyẹn, àgólò tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ò bá ihò tó yẹ kó wọ̀ mu, ọ̀kan ní igun mẹ́rin, èkejì rí roboto, ọ̀rá àti páálí àti téèpù ni wọ́n fi so ó pọ̀ kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ mí délé. Àwọn yẹn rẹ́ni tó ń kọ́ wọn láti ilẹ̀. Obìnrin yìí ò lẹ́nì kankan. Ọpọlọ ẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀.

MiÒGbà:
Nọ́ọ̀sì, àwa náà gbọ́ ohùn yẹn o. Ṣé afẹ́fẹ́ tiwa náà ti bàjẹ́ ni?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Inú orí ẹ̀ la wà látìgbà tó ti bọ́ akoto yẹn kúrò. Tún un gbọ́, gbogbo ìró ló yí padà níbẹ̀.

OníSítíárì:
Èmi gbà pé kọ̀ǹpútà ni, ìkà sì ni.

ÌyáÌbejì:
Ìkà kọ́. Ta ló sọ fún un nínú ìpín kìíní pé kó má jẹ́ kí obìnrin yẹn ṣìwèrè lọ́nà? Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

OníSítíárì:
Wọn ò ní kó fi ohùn òkú jẹ́ ẹ.

ÌyáÌbejì:
Wọn ò ní kó má fi jẹ́ ẹ náà.

MiÒGbà:
Ohun tó bí èmi nínú ni gbàà tó dún nígbà tí àwo ńlá tó ń gba iṣẹ́ láti ilé ya dànù níta. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ìró ò lè rìn níbi tí ò ti sí nǹkan tó máa gbé e. Wọ́n ti bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀.

AgbohùnSílẹ̀:
Níbo lọwọ́ obìnrin yẹn wà nígbà yẹn? Ó di irin ara ọkọ̀ mú. Irin ló gbé ìró yẹn gba ọwọ́ àti aṣọ ẹ̀ wọnú akoto. Ìró tiẹ̀ ń yára nínú irin ju inú afẹ́fẹ́ lọ, nínú afẹ́fẹ́ nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú irin ó ju 5,000 lọ. Ẹ tún un gbọ́, ó dún bíi kí ẹnì kan máa kanlẹ̀kùn lábẹ́ omi. Àwọn èèyàn yẹn mọṣẹ́.

MiÒGbà:
Ó dáa, mo gbà fún ẹ lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ dúró ná. Tí àwo yẹn bá ti ya, kí ló wá gba èsì ọmọ wọlé?

ÀìsùnLóru:
Ha.

OníSítíárì:
Ha!

MiÒGbà:
Mo ti lọ tún un gbọ́, íàpíìsì ni mo fi gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Nínú ìpín kejì, tó bá sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé, ó máa ń dúró di ọjọ́ kẹta kí èsì tó dé, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, ìyẹn ló fi ń ka ọjọ́. Ọkọ̀ ẹ̀ ti jìnnà ju Voyager 1 lọ. Voyager yẹn, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà rán lọ sójú òfuurufú láìsí èèyàn nínú ẹ̀ ni, ọdún 1977 ni wọ́n rán an lọ, iṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́ máa ń lò ju wákàtí 22 lọ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ eré ìmọ́lẹ̀ ló ń sá. Nínú ìpín keje obìnrin yẹn béèrè ọ̀rọ̀, mo fi aago kà á, ìṣẹ́jú-àáyá 11, èsì dé. Gbogbo wa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn jù. Ó kúrú jù ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́. Obìnrin yẹn sì mọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe fa èémí sínú kó tó sọ pé “Ó dáa, ọmọ mi.” Ó mọ̀, ó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé kò bà mí lẹ́rù. Ó ti ń bà mí.

ÀìsùnLóru:
Mo ti paná kó o tó kọ èyí o. Mo tún ti tàn án.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Èsì tó yá jù yẹn tún bá tèmi mu. Ọpọlọ ẹni kì í dúró di ọjọ́ mẹ́ta.

RédíòÀtijọ́:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ó pẹ́ tí ohùn ti ń ṣe èèyàn báyìí. October 30, 1938 tí Orson Welles ṣe eré lórí rédíò ní Amẹ́ríkà, bí ẹni ń ka ìròyìn pé àwọn ará Mars ti kógun dé, gbogbo ìlú ló tú síta.

AgbohùnSílẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìlú kọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn ló fẹ ọ̀rọ̀ yẹn lójú.

RédíòÀtijọ́:
Ti Quito ní Ecuador ńkọ́, 1949? Ṣé àwọn oníwèé ìròyìn ló fẹ ìyẹn náà lójú? Eré kan náà, wọ́n ṣe é lédè tiwọn, ìgbà táwọn aráàlú mọ̀ pé eré ni wọ́n dáná sun ilé rédíò yẹn, èèyàn sì kú.

AgbohùnSílẹ̀:
Ìyẹn ṣẹlẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ irọ́ tí wọ́n pa fún wọn ló bí wọn nínú tó báyẹn.

RédíòÀtijọ́:
Irọ́ náà ni kọ̀ǹpútà yẹn ń pa fún obìnrin yẹn. Kí ló dé tí ò dáná sun ún?

ỌmọÌyáẸ̀:
Torí ohùn ọmọ ẹ̀ ni.

ÀbúròWọn:
@ỌmọÌyáẸ̀ mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Mo ti ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kú, mo kó ohùn wọn sínú áàpù kan, kò tiẹ̀ béèrè púpọ̀, ohùn tí ò tó ìṣẹ́jú kan ló gbà. Èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ á sọ ọ́ jáde. Ohùn wọn ni, mi ò ní parọ́, bó ṣe máa ń há díẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó wà níbẹ̀. Mo ní kó kí mi. Ó pè mí lórúkọ mi tó wà nínú ìwé, lódindi. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi orúkọ yẹn pè mí rí, “Kékeré” ni wọ́n ń pè mí, mo bí ọmọ mẹ́ta, Kékeré ni. Ó wá dà bíi pé àlejò kan wọ aṣọ wọn ó wá jókòó síwájú mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá tẹ “Kékeré” ó máa sọ ọ́. Ọwọ́ mi ò gbé e. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ìyá inú ọkọ̀ yẹn wá béèrè ìnagijẹ, mo yọ íàpíìsì, mo jáde lọ dúró níta. Mi ò tíì gbọ́ ìyókù. Níbí yìí ni mo ti mọ bó ṣe parí.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ má gbọ́ ìyókù o, kò pọn dandan.

MiÒGbà:
“Ẹ kọ́kọ́ rán mi létí ná.” Kò mọ̀ ọ́n ni. Kò sí nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ yẹn fi ránṣẹ́, torí ìyá ẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

ÀìsùnLóru:
MiÒGbà, ó tó. Mo fẹ́ sùn lónìí.

ỌmọÌyáẸ̀:
@ÀbúròWọn ẹ ṣé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Mi ò ní ṣe é. Mo wá fi íàpíìsì gbọ́ “Ṣó o ti jẹun” yẹn lẹ́yìn tí mo ka tiyín tán, spíkà fóònù ni mo fi ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí. Wọn ò tíì pa á lẹ́yìn “Pè mí.” Omi kan ń dà lẹ́yìn wọn. Wọ́n wá mí, ẹ̀ẹ̀kan péré, bíi pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Mi ò gbọ́ ọ rí, ọdún méjì.

AgbohùnSílẹ̀:
Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí fóònù yẹn kẹ́ ẹ tó ṣe ẹ̀dà wọn o! Ẹ ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan má sí lórí fóònù rárá. Ẹ kó wọn bí wọ́n ṣe wà, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun bá yín fọ ohùn mọ́, omi yẹn ló máa kọ́kọ́ yọ, ó sì lè mú mímí yẹn dání lọ.

ỌmọÌyáẸ̀:
Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

AgbohùnSílẹ̀:
Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mò ń kọ ọ́ fún yín lẹ́sẹẹsẹ.

Ìpín4NiMoWà:
Mo ti dé ìpín keje o, mi ò ka nǹkan kan lókè. Íàpíìsì ni kí n lò àbí spíkà?

OníSítíárì:
Níbo lo wà?

Ìpín4NiMoWà:
Nínú mọ́tò

OníSítíárì:
Sọ̀ kalẹ̀.